Kí ìwọ́de má di ìjà: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ kó èrò gba ojú títì ní Àkúrẹ́

Lọ́ọ̀rì oníyanrìn kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Táyà rẹ̀ bẹ́ níwájú wa, ó dábùú ọ̀nà, àwa bí ọgọ́ta tí a ń tẹ̀lé ìlù bọ̀ sì dúró. Ibi tí a dúró sí, ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, ìsọjí sì ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí o bá ní kí onílù dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró. Ìgbà tí kò bá rìn mọ́ gan-an ló ń ráyè dárà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà jáde, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rọ ìlù yìí sílẹ̀ díẹ̀." Ọmọ wa kan bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ ló la títì ni. Ìgò fò. Wọ́n rán iwájú orí èèyàn méjì lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan tiwa, ọ̀kan tiwọn. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ wà ní tésàn títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ń kọ ohun tí mo rí àti èyí tí n kò rí.

Kò sẹ́ni tó gbèrò ìjà nínú wa. Èmi ni mo kọ orúkọ àwọn òpópónà tí a máa gbà sórí bébà, ṣùgbọ́n n kò rìn wọ́n. Láti ìgbà náà mo ti bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ ọdún ìbílẹ̀, ti ìwọ́de Ọjọ́ Àìkú Imọ̀-Ọ̀pẹ, ti Mọ́líùdì, àti ti àwọn olóṣèlú pàápàá. Ohun kan náà ni mo ń rí níbi gbogbo: ìrìn kọ́ ló ń bí aládùúgbò nínú, ìdúró ni. Ariwo tó ń kọjá lọ, á fara dà á. Ariwo tó bá fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti di pé wọ́n wá kò ó lójú nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí, ẹ máa bi ara yín pé: níbo la máa dúró sí, níbo ni a kò gbọdọ̀ dúró sí?

Ìgbésẹ̀ kìíní: rin ọ̀nà náà

Mú ìwé àti báírò, kí o fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí ẹ ti máa gbéra dé ibi tí ẹ máa parí sí. Má gun ọ̀kadà. Ọjọ́ tí ìwọ́de bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀ àti aago rẹ̀ gan-an ni kí o lọ, torí Ọ̀nà Ọba Adésídà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú àti Ọ̀nà Ọba Adésídà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí ìlú méjì ni wọ́n rí. Arákálẹ̀ tún tóóró ju ìyẹn lọ. Bí mọ́tò kan bá fẹ́ já ẹrù níbẹ̀, gbogbo ayé á dúró dè é.

Kọ gbogbo ilé ìjọsìn sílẹ̀, pẹ̀lú aago tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń parí. Kọ ilé ìwòsàn, ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, ààfin, iléewé tó ń ṣèdánwò, ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú. Lẹ́yìn náà, sàmì sí ibi tí ọ̀nà ti lè dí mọ́ yín: ibi tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí, ìyànà tí kò sí wọ́dà, ibi tí lọ́ọ̀rì ti ń já ẹrù. Bí àmì méjèèjì bá bọ́ sítòsí ara wọn, pé ọ̀nà lè dí níbẹ̀, ilé ìjọsìn tàbí ilé ẹni tí ẹ jọ ń fà á sì wà níbẹ̀, ẹ ti rí ibi tí ìjà yín wà. Ẹ yí ọ̀nà padà tàbí kí ẹ yí aago padà. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run á ṣe é.

Mo ní ọ̀nà kan tí mo fi ń wọn ariwo. Nígbà tí ìsìn kò bá sí, màá ní kí ọmọ kan dúró síwájú ilé ìjọsìn náà, kó máa lu ìlù kan ṣoṣo. Èmi á máa rìn lọ, màá máa ka ìṣísẹ̀ mi, títí ìlù náà á fi di ohun tí èèyàn lè bá lórí ìjókòó kó má bínú. Ká ní mo ka ọgọ́jọ. Nínú ìṣirò tèmi, èrò tó ń jó kì í rìn ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni lẹ́yìn tí ẹ bá kọjá. Mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yìí ni o máa lọ bẹ àlùfáà fún. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká kọjá, kò ní pẹ́" kò tíì bẹ nǹkan kan.

Bi àwọn tó ń jókòó sójú ọ̀nà náà léèrè. Ìyá alákàrà kan ní ìyànà kan nítòsí Ọjà Ọba wo ìwé ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ kò lè gbabí lọ́jọ́ yẹn o. Bó bá ti kọjá aago mẹ́rin, àwọn onítòmátì ló ni títì." Ó fi síbí tó ń kán epo nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń to apẹ̀rẹ̀ jọ. Máàpù inú fóònù kò mọ ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: lọ bá àwọn tó ń gbé ojú ọ̀nà náà nílé wọn

A máa ń rò pé bí a bá ti kí olóyè àdúgbò àti ọ̀gá ọlọ́pàá, ó bùṣe. Àwọn ẹni ńlá yìí kì í sùn sójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tí ìlù máa jí ọmọ rẹ̀ lójú oorun lẹ ń wá.

Òkè òkun ni mo ti máa ń mú àpẹẹrẹ fún àwọn ìgbìmọ̀ tí mo bá bá jókòó, torí bí mo bá mú tilé, ẹnì kan á ní èmi ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní Ireland ti Àríwá, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Orange Order, ẹgbẹ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1795. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, wọ́n ń fi ìlù àti fèrè wọ́de láti ṣèrántí ogun odò Boyne ti 1690, níbi tí Ọba William ti ṣẹ́gun Ọba James tó jẹ́ Kátólíìkì. Fún ẹni tó ń rìn, ọdún baba rẹ̀ ni. Fún Kátólíìkì tó wà lójú fèrèsé, ìṣẹ́gun lórí baba tirẹ̀ ni wọ́n ń jó kọjá. Ní ìlú Portadown, ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Garvaghy Road, tí àwọn Kátólíìkì pọ̀ sí, di ojú ogun láti 1995. Ní 1996, ọlọ́pàá ní kí wọ́n má kọjá. Ìgboro gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, ọlọ́pàá yí ohùn padà, wọ́n fi ipá mú ìwọ́de náà kọjá láàárín àwọn onílé. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ náà kò gbà láti bá agbẹnusọ àwọn onílé jókòó lójúkojú, torí pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ní 1998, Ìgbìmọ̀ Ìwọ́de tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún náà pàṣẹ pé kí wọ́n má gbabẹ̀. Títí di òní, ìwọ́de náà kò tíì gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Ìlú Derry, lórílẹ̀-èdè kan náà, ṣe é yàtọ̀. Ẹgbẹ́ Apprentice Boys ń wọ́de níbẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, àwọn Kátólíìkì agbègbè Bogside kò sì fẹ́ ẹ. Àwọn oníṣòwò ìlú ló wọ àárín wọn, torí pé ní ọjọ́ ìjà, ṣọ́ọ̀bù ló ń jó. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi yanjú dé ibi tó lè yanjú dé, ìwọ́de náà sì ń wáyé.

Bí a bá gbé e wá sílé, àwọn wo ni oníṣòwò Derry wa? Ìyálọ́jà ni, àti alága ẹgbẹ́ awakọ̀, àti àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù lójú ọ̀nà. Owó wọn wà níbẹ̀. Wọn kò bìkítà ẹni tó bí ta ni. Kí ṣọ́ọ̀bù ṣáà ṣí lọ́la ni tiwọn.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan. Àgbà á kí wọn, ọ̀dọ́ á dárúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ ìwọ́de. Ẹ má ránṣẹ́ pè wọ́n wá sọ́dọ̀ yín. Nígbà kan tí a lọ bá ààfáà àgbà kan, bí ọ̀rọ̀ wa ṣe lọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. A wá fún yín ní aago wa, a sì fẹ́ gbọ́ tiyín."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí náà. Lọ́dún tó kọjá, ẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

"Mẹ́jọ ni, sà. A kà á."

"Ẹ kà á?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe ladáánì rẹ̀ kó wá gbọ́. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kírun Aláásárì tán, kí ẹ tó kọjá. Bí Mọ̀gàríbì bá bá yín lójú ọ̀nà, èmi àti yín ni."

Ọ̀rọ̀ ààfin náà wà níbẹ̀. Ààfin Déjì ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà yín bá wọ Ìsinkàn, Irálépò, ọba wọn, wà níbẹ̀. Bó bá wọ Ìsọ̀lọ̀, Ọ̀sọ̀lọ̀, ọba tiwọn, wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Àkúrẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ipò láàárín wọn kò tíì tán, n kò sì ní tán an níbí. Ẹ ṣáà kí oníkálukú kí ọjọ́ tó pé, kí ìlù yín má sì dúró síwájú ilé ọba tí ẹ kò kí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé ọlọ́pàá

Èyí kò gba àkókò. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 40, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti pé jọ. Ní 2007, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé kò dìgbà tí èèyàn bá gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó wọ́de. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 83, sì sọ pé bí o bá ti fi tó wọn létí, kí wọ́n pèsè ààbò. Nítorí náà, ìwé ìfitónilétí lẹ máa kọ: orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́, aago, ọ̀nà láti ìkòríta dé ìkòríta, iye èrò, iye ìlù, nọ́ńbà fóònù ẹni mẹ́ta. Ẹ fún DPO, ìyẹn ọ̀gá tésàn ọlọ́pàá, Amọ̀tẹ́kùn, Road Safety àti ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹ̀dà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ní Ireland ti Àríwá, ọjọ́ 28 ṣáájú ni òfin ní kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀hónú hàn lòdì sí ìwọ́de náà, ọjọ́ 14. Òfin tiwa kò ní kí ẹ ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 yẹn ni kí ẹ lò. Oṣù kan ni ìbínú fi ń rọlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kọ àdéhùn, kí o má gbàgbé ìlù

Ojú ìwé kan tó. Aago tí ẹ máa wọ ibi báyìí àti aago tí ẹ máa jáde níbẹ̀. Ibi tí ìlù á ti dákẹ́ àti ibi tí á ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òpó iná tàbí ṣọ́ọ̀bù sàmì sí i. Orúkọ ẹni tí àwọn máa pè tí nǹkan bá yí padà, àti orúkọ ẹni tí ẹ̀yin máa pè. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Orin ni àwọn ìgbìmọ̀ máa ń fò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2012, ní Belfast, ìwọ́de dá dúró díẹ̀, ẹgbẹ́ onífèrè kan sì bá ara wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Patrick ti àwọn Kátólíìkì ní Donegall Street. Dípò kí wọ́n dákẹ́, wọ́n ń yí po, wọ́n ń fọn orin kan tí àwọn Kátólíìkì kà sí èébú. Ẹnì kan fi fóònù ká a. Ọ̀rọ̀ náà hó wọ oṣù Kẹjọ. Ẹ rí i pé ìdúró náà ni. Ìgbìmọ̀ Ìwọ́de ibẹ̀ máa ń pàṣẹ fún irú ibẹ̀ yẹn pé ìlù ẹyọ kan ṣoṣo, lílù gbì, gbì, ni kí wọ́n máa fi kọjá.

Tiwa tiẹ̀ le ju tiwọn lọ, torí ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fòfin de orin èébú, gángan á bú èèyàn láìya ẹnu. Ẹni tí wọ́n bú á gbọ́, gbogbo àdúgbò á gbọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé tésàn, onílù á ní "ọ̀pá gogoro" ni òun ń lù. Nítorí náà, ẹ pe olórí onílù sí ìpàdé, kí ó gbọ́ àdéhùn náà fúnra rẹ̀, kí ó dá a lóhùn lójú àwọn tẹ̀hún. Owó rẹ̀, ẹ fún un ní ìdajì. Ìdajì tó kù á wà lọ́wọ́ akápò títí ìwọ́de á fi parí. Mo ti rí onílù tí kò gbọ́ ti ọlọ́pàá. N kò tíì rí èyí tí kò gbọ́ ti owó.

Ohun ìjà náà ńkọ́? Níbi ọdún Ògún ní Oǹdó, kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọlọ́dẹ pé kó má mú irin jáde. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ ka ìbọn, kí ẹ kọ orúkọ àgbà tó mú un, kí ọ̀dọ́ má gbé e. Ọtí ńkọ́? Kí oúnjẹ àti ọtí wà níbi tí ẹ máa parí sí, kó má sí níbi tí ẹ ti máa gbéra.

Bó bá jẹ́ ìṣéde

Èyí yàtọ̀, torí níbí, àwọn tí kò tẹ̀lé yín gan-an lẹ ń ní kí wọ́n má rìn. Oǹdó ní ọdún Ọ̀ràmífẹ̀, Àkúrẹ́ ní ọdún Aheregbe tí wọ́n máa ń ti ọjà fún. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á mú abala 41 òfin ìpìlẹ̀ jáde pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn. Ẹlòmíràn á mú abala 38 jáde pé ẹ̀sìn òun nìyí. Èmi kì í bá wọn dá sí i, torí ilé ẹjọ́ kì í ṣí lóru. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí kò gbọ́ ìkéde kò lè pa á mọ́. Ní oṣù Keje 1999 ní Ṣàgámù, lóru Orò, wọ́n fẹ̀sùn kan obìnrin Hausa kan pé ó jáde. Wọ́n pa á, Yorùbá àti Hausa kọjú ìjà síra wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, ó sì ràn dé Kánò.

Kí ìkéde yín wà ní Yorùbá, Hausa, Ìgbò, àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọléèwé. Kí ó dé Sábó láti ẹnu Sẹ̀ríkí wọn fúnra rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ní "lálẹ́". Ẹ ní "láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́rin". Kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé ẹni tó ń gbé aláìsàn tàbí aboyún lọ sílé ìwòsàn á kọjá, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà tí á pè.

Bó bá jẹ́ òṣèlú

Ẹ má da ọdún àti ìpolongo pọ̀. Òfin Ìdìbò ti 2010 kà á léèwọ̀ pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje lo egúngún fún ìpolongo, ti 2022 tún un sọ. Àwọn tó wà ní Àkúrẹ́ ní oṣù Kẹjọ 1983, nígbà tí wọ́n kéde pé Ọmọ́boríowó ló borí Ajásin nínú ìdìbò gómìnà, rántí bí títì ṣe rí: ilé ń jó, èèyàn ń kú, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajásin. Olùdíje tó bá fẹ́ fún yín ní aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ọdún, ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ náà kí ẹ tó gbà á.

Lọ́jọ́ náà gan-an

Ẹ̀ṣọ́ kan fún ogún èèyàn, kí obìnrin wà lára wọn, kí gbogbo wọn so aṣọ aláwọ̀ kan mọ́ apá. Ẹni méjì á gun ọ̀kadà ṣáájú, bí ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀, kí wọ́n máa wo bí ọ̀nà ṣe rí. Ká ní a ní irú wọn lọ́jọ́ lọ́ọ̀rì oníyanrìn, à bá ti mọ̀ kí a tó dé géètì ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí wọ́n bá pè pé ọ̀nà ti dí, ẹ dúró níbi tí ẹ wà, ìyẹn bí ibẹ̀ bá dára. Bí kò bá dára, ẹ padà sẹ́yìn dé ibi tí ẹ ti sàmì sí. Fèrè ẹ̀ẹ̀mẹta ni àmì. Bí onílù bá ti gbọ́ ọ, ìlù á bọ́ sábẹ́ abíyá, kọ̀ǹgọ́ á wọ àpò. Ẹ fi dánra wò lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú. Níní kí wọ́n "dákẹ́" lásán kò tó; níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá wà lọ́wọ́, ọwọ́ á máa wá ibi tí á lù.

Bí ìgò bá fò, kí ẹ̀ṣọ́ kọjú sí àwọn èèyàn tirẹ̀, kó kẹ̀yìn sí tẹ̀hún. Ẹ gbé ẹni tó fara pa kúrò. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú àdéhùn kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Fídíò tí ẹ bá ká, ẹ fún akọ̀wé àti ọlọ́pàá. Bó bá bọ́ sórí WhatsApp láàárín wákàtí kan, àwọn tí kò sí níbẹ̀ á ti gbé igi.

Ní ọjọ́ kejì

Ẹ gbálẹ̀. Ẹ tún padà lọ kí gbogbo àwọn tí ẹ lọ bá tẹ́lẹ̀, pàápàá ẹni tí kò fẹ́ gbà fún yín.

A padà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó gbà wá ní oṣù méjì kí wọ́n tó ṣí géètì. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n rán iwájú orí rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, aago lọ́wọ́. A kọjá láìlu ìlù, ìṣẹ́jú méje. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti dúpẹ́, ó na ìka sí gọ́tà. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà mẹ́tàdínlógún ni àwọn ọmọ wa jù síbẹ̀. Ó ní òun náà kà á.